Ọgbà ló yẹ kó ṣáájú igi lórí òkè Ìjẹ̀ṣà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ igi gbígbìn a máa gba ẹnu kan láti Iléṣà títí dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu. Iye igi tí wọ́n gbìn la máa ń gbọ́. Iye tó kù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Ohun tó ń pa wọ́n kò sì fara sin: ewúrẹ́, màlúù, iná ẹ̀ẹ̀rùn àti ewé Akíntọ́lá tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí igbó padà sórí òkè wa, ọgbà tí a fi ń yí ilẹ̀ ká ni kó kọ́kọ́ náwó lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ hẹ́kítà 4 tó jẹ́ 200 mítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọgbà 800 mítà ló máa gbà. Bí hẹ́kítà 4 yìí bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, 50 mítà ní ìbú, 800 ní gígùn, ọgbà di 1,700 mítà. Bí ìdílé mẹ́rin bá sọgbà yí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó di 1,600. Ìlọ́po méjì owó wáyà lórí ilẹ̀ kan náà! Kí àwọn tí ilẹ̀ wọn pààlà pa á pọ̀.

Fún 800 mítà, bí òpó bá jìnnà síra ní mítà 3, òpó bíi 267 ni. Ìlà wáyà ẹlẹ́gùn-ún mẹ́rin á gba 3,200 mítà, yàtọ̀ sí èyí tí a ó fi so igun. Nítorí màlúù, ẹ fi ìlà wọ̀nyí sí 25, 50, 80 àti 115 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Ewúrẹ́ á ṣì gba ìsàlẹ̀ wọlé, nítorí náà, níbi tó bá sún mọ́ ilé, ẹ fi ọparun híhun dí i, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún.

Òpó gbígbẹ, ikán á jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Akòko àti ìyeyè ló dára jù, torí ọ̀pá wọn máa ń ta gbòǹgbò. Ẹ gé ọ̀pá wọn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, kó gùn tó mítà 2, kó nípọn tó ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì ri 50 sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì fa wáyà. Ọ̀pá tí wáyà ń mì nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì rọ̀ kì í yè, ìdí nìyẹn tí ọgbà fi gbọ́dọ̀ fi odindi ọdún kan ṣáájú igi. Ẹ má sì we wáyà mọ́ ọn lára, torí igi á gbé e mì. Ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi kàn án, kó má wọlé tán.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wáyà tó le dáadáa fẹ́ lọ tààrà, ilẹ̀ kò lọ tààrà, nítorí náà níbi tí ilẹ̀ bá ti rì, wáyà á fa òpó yọ sókè. Òpó ibẹ̀ ni kí ẹ ri jinlẹ̀ jù, kí ẹ sì so òkúta ńlá mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má fa wáyà kọjá odò. Ẹ parí rẹ̀ sórí òpó tó lágbára ní bèbè méjèèjì, kí ẹ so ọparun rọ̀ sáàárín; bí àgbàrá bá dé, ọparun nìkan ni yóò gbé lọ. Ẹ tún fi ẹnu ọ̀nà tóóró sílẹ̀ tí ọdẹ àti aṣẹ́gi lè fẹ̀gbẹ́ gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gé wáyà.

Wáyà kì í dá iná dúró. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ilẹ̀ mítà 5 yí ìta ọgbà ká, kó mọ́ kanlẹ̀.

Ẹ wo kùkùté kí ẹ tó gbin ohunkóhun. Níbi tí ìrókò, arère tàbí asọ́fẹ́yẹjẹ bá ti ń rú, ọgbà nìkan ti tó. Níbi tó pá, ẹ gbẹ́ kòtò 45 sẹ̀ǹtímítà ní mítà 3 síra, ìyẹn igi 1,111 fún hẹ́kítà kan. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú tó wà lójú ilẹ̀ sọ́tọ̀, òun ni kó kọ́kọ́ padà sí ìdí gbòǹgbò, kí ẹ sì ya ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ igi náà kúrò pátápátá. Oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn ín, kó lè mú ilẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Ẹ má gbin ìrókò nìkan sínú oòrùn, torí kòkòrò kan wà tó ń sọ orí ọ̀mùnú rẹ̀ di kókó títí á fi kú. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ afàrà, ọmọ̀ àti apá. Tíìkì tí wọ́n ń pín kiri, ará Éṣíà ni. Abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣófo, omi tó ń kán láti ara ewé ńlá rẹ̀ a sì máa wọ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Kò yẹ lórí òkè wa rárá.

Ẹ ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín, Olóòtú. Nígbà tí ẹ bá tún gbé ìròyìn igi gbígbìn jáde, ẹ bi àwọn tó gbìn ín pé mítà ọgbà mélòó ni wọ́n ṣe, ta ni yóò sì máa ro ìdí igi náà. Kí oníròyìn yín padà lọ ka igi tó kù lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, kí òjò tó tún rọ̀.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ igbó,
Iléṣà.