Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé

Manchester,
Oṣù Kẹta.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé pé yunifásítì kan ní UK níbí fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lórí Zoom fún PhD físíìsì. Mo pariwo débi pé ìyá àgbà òyìnbó kan béèrè bóyá kò sí nǹkan. Kú oríire o! Wọ́n ti ka ìwé rẹ, wọ́n ti rí èsì ìdánwò rẹ, wọ́n sì ti gbà pé o tó gbangba-á-sùn-lọ́yẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbọ́ bí o ṣe ń ronú.

O ní kí n sọ ìwé físíìsì tí o máa kà fún ọ. Kó gbogbo wọn tì. Thesis Masters rẹ ni kí o gbé kalẹ̀, kí o sì máa bi ara rẹ ní "èé ṣe" lórí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ọ.

Jẹ́ kí n mú ibì kan tí mo rántí. O kọ ọ́ pé o kó erùpẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Abẹ́òkúta, o dì í sínú ike, o lẹ ẹnu rẹ̀ pa fún ọjọ́ 28 kí o tó gbé e síwájú detector, ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣáájú wa. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá wá béèrè pé: ọjọ́ 28 ṣe jẹ́, kí ló dé tí kì í ṣe 5? Bí o bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é, o ti sọ fún wọn pé ìlànà lo tẹ̀ lé, o ò ṣèwádìí.

Ìdáhùn náà kò sì le. Radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán nínú erùpẹ̀, ló ń bí radon bó ṣe ń jẹrà, gáàsì sì ni radon, ó lè sá jáde. Bismuth-214 tí o ń ka ìtànṣán rẹ̀ ní 1764 keV (keV la fi ń wọn agbára ìtànṣán), àrọ́mọdọ́mọ radon ni. Bí bàbá bá ti sá lọ, àwọn ọmọ á dín, iye radium tí o máa ṣírò á sì kéré sí bó ṣe yẹ. Tí o bá lẹ ike pa, radon á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀ títí iye tí radium ń bí á fi dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń jẹrà. Radon máa ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ 3.8. Ọjọ́ 28 ju ìlọ́po 7 ìyẹn lọ, torí náà ohun tó kù kó fi pé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ 5, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún péré lo tíì ní. Mú bírò, ṣe ìṣirò náà lójú wọn. Wọ́n á tún béèrè bí o ṣe mọ̀ pé ike náà kò jò. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mo fẹ́ kó bá ọ lórí ìjókòó: o lè ka erùpẹ̀ kan náà léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, kí o wò ó bóyá ó ń gòkè bí ìṣirò ṣe wí. Bí o kò bá ṣe é nígbà náà, sọ pé o kò ṣe é, kí o sì sọ bí o ṣe máa ṣe é báyìí.

Ọ̀rọ̀ detector ńkọ́? Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ pé detector oníkírísítálì sodium iodide lo lò, nígbà tó jẹ́ pé ti germanium ló kún ọ̀dọ̀ àwọn tí o fẹ́ lọ bá. Má tijú rárá. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀ tó ń fi hàn lórí àwòrán; ní 662 keV ti caesium-137, sodium iodide máa ń fẹ ìlà náà lójú tó bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju 40 keV lọ. Ti germanium kì í tó 2 keV. Ṣùgbọ́n germanium fẹ́ òtútù kíkan, nitrogen olómi ni wọ́n sábà máa ń dà sí i, owó rẹ̀ sì ga. Ta ló máa máa wá nitrogen olómi kiri ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nílé? Ìlà mẹ́ta tí iṣẹ́ rẹ dá lé, 1460 ti potassium-40, 1764 ti bismuth àti 2614 ti thallium-208, wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa, sodium iodide sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Sọ fún wọn pé òun ló wà ní lab wa, ohun tó lè ṣe nìyí, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí. Ní tèmi, ẹni tó mọ ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ sàn ju ẹni tí wọ́n fi irinṣẹ́ olówó ńlá tọ́ dàgbà.

Ilé tí Rutherford, àgbà onímọ̀ físíìsì ìtànṣán nì, ti ṣiṣẹ́ ṣì wà níbí, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1909, inú òkùnkùn ilé yẹn ni Geiger àti Marsden tó ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó sí, tí wọ́n ń wo inú maikirosíkóòpù, tí wọ́n ń fi ojú ara wọn ka ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lára zinc sulphide, èròjà tó máa ń tàn bí ìtànṣán bá kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ 20 ọdún ni Marsden, kò tíì gboyè. Ohun kan náà ni sodium iodide rẹ ń ṣe: ìtànṣán wọlé, kírísítálì tàn, ẹ̀rọ sì kà á dípò ojú.

Wọ́n tún fẹ́ràn ìbéèrè ìfojúdá. Wọ́n lè ní kí o sọ bí ara èèyàn ṣe ń tú ìtànṣán tó. Giramu kan potassium ń jẹrà bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ara àgbàlagbà ní bíi giramu 140. O ti dé bí 4,300 nìyẹn. Potassium inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kò tó ààbọ̀ giramu, nítorí náà ẹni tó ń sá fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí ìtànṣán, kó kọ́kọ́ sá fún ọkọ rẹ̀.

Ohun tó máa ṣòro fún ọ jù, mo mọ̀ ọ́, ni ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n tọ́ wa pé kí ọmọ dákẹ́ títí ìdáhùn á fi pé lẹ́nu rẹ̀. Lórí Zoom, ẹni tó dákẹ́ jọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tàbí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ já. Máa ronú síta. "Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ nìyí" dára gan-an. Bí wọ́n bá sì sọ ohun tí kò dá ọ lójú, má wulẹ̀ sọ "yes sir". Béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má sì sọ pé òkúta Abẹ́òkúta ń pa èèyàn. Ohun tí o wọ̀n ni kí o sọ mọ.

Ìwọ náà bi wọ́n: ta ló ń san owó náà, ṣé ó ká owó ilé-ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará òkèèrè? Láti 2021 ni owó UKRI, àjọ ìjọba UK tó ń náwó sí ìwádìí, ti ṣí sílẹ̀ fún àwa àjèjì, ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àwọn tí wọ́n bá mú. Béèrè pẹ̀lú bóyá o lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà ọ́, ìwé ATAS, ìwé àṣẹ tí ìjọba UK ń fún àjèjì tó fẹ́ ka irú ẹ̀kọ́ yìí, ló kàn kí o tó gba físà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, má fi falẹ̀.

Wo aago dáadáa o! Ní báyìí, aago 10 tiwa ni 11 tiyín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí, àwọn aráabí máa tún aago wọn yí, a ó sì wà ní déédéé. Lọ jókòó lọ́dọ̀ ẹni tó ní inverter, kí dátà wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì.

Fi slide rẹ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kó má ju mẹ́ta lọ. Màá pè ọ́ ní Sátidé, èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n, mi ò sì ní bá ọ ṣeré. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé èlùbọ́ wọn ti tán, mo sì ń fi ojú sọ́nà.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀ní