Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Iléṣà: Ẹ Bá Wa Yẹ Ilẹ̀ àti Afẹ́fẹ́ Wò

Sí Alága,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ káàkiri Iléṣà, àti àwọn ìyá tó ń bá wa tà á lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, la kọ ìwé yìí.

Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ lọ́jà pé májèlé wà nínú ẹ̀fọ́ wa. Àwọn kan ní odò táwọn awagóòlù ń fọ erùpẹ̀ sí la fi ń bomi rin ín. Àwọn mìíràn ní èéfín ọkọ̀ àti ti táyà tí wọ́n ń sun létí títì ló ń bà lé e. Oníbàárà á mú tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́, á ní, "Ìyá, níbo lẹ ti gbìn ín?", á sì rọra gbé e kalẹ̀. A ò bú wọn. Àwa náà ń jẹ ẹ́, a sì ń sè é fọ́mọ.

Májèlé tí à ń bẹ̀rù jù ni òjé (lead), irin olóró kan. Kì í pa ewé láwọ̀ dà, kì í rùn, kì í sì í jẹrà, ojú àgbẹ̀ ò lè tó o. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé pa ọmọdé tó kéré tán 400. A ò sọ pé irú rẹ̀ wà níbí o. Òkúta ibìkan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù kò gbọdọ̀ máa méfò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ibẹ̀ ò jìnnà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń ka irú irin tó wà nínú erùpẹ̀ àti iye rẹ̀. Kí wọ́n bu ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń dé: lóko etí títì, lóko etí odò, àti lóko kan tó jìnnà sí méjèèjì, tí a ó fi ṣe àfiwé. Kí wọ́n mú ewé tí a fọ̀ àti èyí tí a kò fọ̀. Bí fífọ̀ bá dín òjé kù, eruku ló bà lé e. Bí kò bá dín in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ ló ti fà á.

Ti afẹ́fẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eruku wẹ́wẹ́, PM2.5, kọ́ sí gáréèjì kan àti sí ẹ̀bá àkùrọ̀ kan, kó pé ọdún kan gbáko. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ nìkan lẹ wọ̀n ọ́n, eruku aṣálẹ̀ lẹ ó wọ̀n, àwọn tó ń sun táyà á sì máa rẹ́rìn-ín. Láti 2021, máíkírógíráàmù 5 (ìwọ̀n tó kéré jọjọ) eruku wẹ́wẹ́ yìí nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan ni ìpíndọ́gba ọdún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá.

Èyí tó le jù lẹ́nu wa ló kù. Bí èsì bá dé, ẹ pè wá, kí ẹ kà á fún wa ní Yorùbá kó tó dé ọjà. Bí oko kan ò bá ṣeé gbin ẹ̀fọ́ mọ́, a ó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá fa ebè wa tu láìfún wa ní ilẹ̀ mìíràn.

Àwa la ó mú àwọn olùwádìí dé oko kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ọ̀san wọn wà lọ́rùn wa, ẹ̀fọ́ náà ni.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyálọ́jà Ẹlẹ́fọ̀ọ́,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.