Àbẹ̀kẹ́, Èyí Ni Ìdáhùn Ohun Tí O Béèrè

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ti ka ìwé tí o kọ nípa ohun tí Fádà ilé ìwé wa fi ipá ṣe sí ọ lọ́dún 1996, nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún 14, tí o fi béèrè bóyá òfin Maryland tàbí ti ilé níbí lè gbà ọ́ láàyè láti pè é lẹ́jọ́; mo sì tún un kà kí n tó mú bírò. Mo gbà ọ́ gbọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn síwájú, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù jù ni pé kí ẹnìkan sọ pé o ń parọ́ mọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi náà mọ Fádà yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ tó ṣe mí bí irọ́.

O ní kí n dá ọ lóhùn bíi lọ́yà, kí n má fi ojú ọ̀rẹ́ wò ó. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mo ti yẹ ìwé òfin wò dáadáa, ohun tí mo bá sì mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe, màá sọ ọ́ fún ọ láìfi bọpo bọyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Maryland, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí o ń gbé, tí o tọ́ka sí. Mo mọ ìdí tí ọkàn rẹ fi lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Anthony Brown tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín gbé ìwádìí jáde lórí dáyósíìsì àgbà ti Baltimore, ìyẹn àgbègbè Ìjọ Àgùdà tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀: ọmọ tó lé ní 600 ni wọ́n ti bà jẹ́ níbẹ̀ láti bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn sì lé ní 150. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Gómìnà Wes Moore fọwọ́ sí òfin tó wó gbèdéke ọjọ́ orí palẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fi ìbálòpọ̀ jẹ níyà ní kékeré kò lè pẹjọ́ gba owó ìtanràn mọ́ tó bá ti pé ọmọ ọdún 38. Òfin tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, dáyósíìsì Baltimore gba kọ́tù lọ láti kéde pé àwọn kò lè san gbèsè tó fẹ́ dé bá àwọn. Ti Washington, tó ní àdúgbò tí ìwọ ń gbé lábẹ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n ní òfin náà ta ko òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹjọ́ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Maryland. Ní oṣù kejì ọdún 2025, adájọ́ mẹ́rin nínú méje dá òfin náà láre. Ilé aṣòfin wá dín owó kù lẹ́yìn ìyẹn: ẹjọ́ tí wọ́n bá pè lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2025 kò lè gbà ju 700,000 dọ́là lọ lọ́wọ́ irú ilé iṣẹ́ aládàáni bí ìjọ, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni tẹ́lẹ̀.

Gbogbo èyí dára fún àwọn tó ni ín. Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe tìrẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ìjọ tó rán ọkùnrin náà sí ilé ìwé wa kò sí lábẹ́ Washington tàbí Baltimore, kọ́tù Maryland kò sì lè nawọ́ mú ẹni tí kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú Maryland. Pé ìwọ ń gbé ibẹ̀ báyìí kò tó. Bí lọ́yà kan tí o rí lórí tẹlifíṣọ̀n bá ní kí o wá fọwọ́ síwèé, bi í léèrè èyí kí o tó gbé bírò. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí mo rí i nínú ìwé rẹ pé o ti gbé ìrètí lé e.

Àyàfi tí ọkùnrin náà bá wà ní Amẹ́ríkà. O mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Fádà wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2002 tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ti ṣèpàdé ní Dallas ni wọ́n ti fi lé ara wọn lọ́wọ́ pé ẹni tó bá ṣe irú nǹkan yìí sí ọmọdé, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ àlùfáà mọ́. Ìwé kan ṣoṣo sí dáyósíìsì tó wà lè mú kí wọ́n gbé e kúrò nídìí pẹpẹ nígbà tí wọ́n ń wádìí. Nítorí náà mo fẹ́ mọ ibi tó wà. Mo lè rọra wádìí rẹ̀ láti ibí láìdárúkọ rẹ.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí ìpínlẹ̀ wa ṣe lọ́dún 2021 láti gbógun ti ìwà ipá, láyé Gómìnà Akérédolú, lágbára gan-an, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́yìn lọ mú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1996. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà kò gbà á. Òfin ìgbà náà la ó lò, ìyẹn Criminal Code, ìwé òfin tó wà fún ìwà ọ̀daràn. Nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìfipábánilòpọ̀, kò sì sí iye ọdún tó máa kọjá tí ìjọba ò ní lè gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ sí kọ́tù mọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ wà níbẹ̀ o. Inú ìwé òfin yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ ẹ̀sùn mìíràn, fún ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tó ti lé lọ́dún 13 àmọ́ tí kò tíì pé 16 lò pọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì péré ni tirẹ̀, oṣù méjì sì ni òfin fún ìjọba láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà. Oṣù méjì! Fún ọmọ ọdún 14 tó wà ní bọ́dìnì, tí kò ní fojú kan ìyá rẹ̀ títí wọn ó fi gba ìsinmi! Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ní yunifásítì, ó sì tún bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Bí ọlọ́pàá bá wo ọjọ́ orí rẹ nígbà náà, tó lọ kọ ẹ̀sùn kejì yìí sílẹ̀, ẹjọ́ ti kú kó tó dìde. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí o kàn wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ tẹnu rẹ. Ìwé ẹ̀sùn láti ọwọ́ agbẹjọ́rò ni kó lọ bá Kọmíṣánnà ọlọ́pàá, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Alágbàka, kí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀ kedere pé ó fi ipá bá ọ lò pọ̀ ni.

O kọ ọ́ pé bóyá o kò lè pè é bẹ́ẹ̀, torí o kò pariwo, o kò sì jà. Òfin kò ní kí o jà. Ẹni tó gbà nítorí ìbẹ̀rù tàbí ìhalẹ̀ kò gbà lójú òfin. Ó sọ fún ọ pé wọ́n á lé ọ, pé gbogbo owó ilé ìwé tí màmá fi aṣọ títà ní Ọjà Ọba san yóò ṣòfò. Ìhalẹ̀ nìyẹn, kò ní orúkọ mìíràn.

Mi ò ní tàn ọ́ pé yóò rọrùn. Adájọ́ wa máa ń fẹ́ kí nǹkan mìíràn ti ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn lẹ́yìn, ọdún sì ti gorí ọdún. Ṣé lẹ́tà tí o kọ sí màmá ní táàmù yẹn ṣì wà, èyí tí o fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mú ọ kúrò níbẹ̀? Ṣé o rántí síṣítà tó tọ́jú rẹ ní yàrá àìsàn? Ọmọbìnrin mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ẹnìkejì kan ṣoṣo lè yí ẹjọ́ náà padà. Ohun kan tó lè fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ máa bi ọ́ léèrè nípa ọkùnrin mìíràn tí o ti mọ̀ láyé rẹ láìjẹ́ pé adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ti owó ìtanràn níbí, ọdún tí òfin fún ọ láti pe dáyósíìsì lẹ́jọ́ ti kọjá tipẹ́. Ọ̀nà tóóró kan ló kù, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn: ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009 sọ pé kò sí gbèdéke ọdún lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àdéhùn Áfíríkà tó dáàbò bo iyì ènìyàn sì ti wọ inú òfin wa láti ọdún 1983. Àwọn adájọ́ kan yóò sọ pé ẹjọ́ ìtanràn lásán la wọ̀ láṣọ ẹ̀tọ́. Mo lè gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o fọkàn sí i.

Ó wá ku Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. Èmi ṣì ń lọ sí Máàsì, bóyá torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n gba ìwé yìí lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2019, Póòpù Francis gbé òfin kan jáde, ó sì sọ ọ́ di òfin títí láé lọ́dún 2023. Ó ní dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tí ènìyàn lè mú irú ẹ̀sùn yìí wá. Ó ní Fádà tàbí síṣítà tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó bíṣọ́ọ̀bù létí, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé kí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá pa ẹnu mọ́. Ní ìparí ọdún 2019 náà ló mú àṣírí Póòpù, ìyẹn òfin tó ní kí ìjọ pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní àṣírí, kúrò lórí irú ẹjọ́ yìí, kí ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọ lè dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù yóò ṣe ìwádìí àkọ́kọ́, yóò fi í ránṣẹ́ sí Róòmù. Òfin tiwọn náà ní gbèdéke, ogún ọdún lẹ́yìn tí ọmọ bá pé 18. Ọdún 38 yẹn náà ló tún padà wá! Ṣùgbọ́n Róòmù ní àṣẹ láti mú un kúrò, a ó sì tọrọ rẹ̀ nínú ìwé. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá gbé e pamọ́, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ìbàdàn ni Oǹdó wà, a ó gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n lè bọ́ aṣọ àlùfáà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wọn kò lè fi í sẹ́wọ̀n, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìwé méjèèjì, ti ọlọ́pàá àti ti ìjọ, jáde lọ́jọ́ kan náà.

O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin fẹ́ kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bá Fádà náà. Jọ̀wọ́, dá a dúró. Àwọn ènìyàn Fádà náà á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, wọ́n á mú àpò owó jáde. Ẹni tó bá gba owó láti bo irú ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀ ti dá ọ̀ràn tirẹ̀ lábẹ́ òfin, àwọn agbẹjọ́rò tiwọn á sì fi owó náà sọ pé torí owó lo ṣe wá. Má sì gbé e sórí Facebook báyìí. Mo mọ bó ṣe ń gbóná nínú rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n lè torí bẹ́ẹ̀ mú ẹ̀gbọ́n rẹ níbí pé ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, ọ̀rọ̀ yóò wá di tẹni tó kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wá sí ọ lọ́kàn: yàrá, àsìkò, ohun tó wọ̀, ohun tó sọ. Má tò ó, má tún un ṣe. Kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ó bá sì ti ń wúwo jù, gbé e sílẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ṣeré. Nígbà tó bá yá, a ó mú un lọ síwájú notary níbẹ̀, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbúra, kí o búra sí i. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, má tún dárúkọ owó fún mi mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Bí o bá ka èyí tán tí o ní kí n dúró, màá dúró. Bí o bá ní kí n bẹ̀rẹ̀, màá kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọkùnrin náà wà, a ó sì mọ ìwé tó yẹ ká kọ́kọ́ kọ.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ.