Fọ́tò Méjì, Rìsíìtì Kan: Lẹ́tà sí Tóyìn

Kúbwà, Abuja.

Tóyìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù ọ̀hún, mo kí àwọn ọmọ. Ọyẹ́ ti wọlé síbí náà. Ètè ń bó, ilẹ̀kùn onígi ń dún, ère onígi tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lásìkò yìí, sísán ni yóò sán. Mo ti ka ìwé rẹ nípa ilé kékeré tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín fẹ́ sọ di mùsíọ́ọ̀mù. O ní owó ilé kọ́ ló ń kọ yín lóminú, pé ohun tí ẹ̀yin ń rò ni bí ará àdúgbò yóò ṣe máa wọlé síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ńlá bá ti gé ribọ́nù tán tí wọ́n sì ti wọkọ̀ lọ. Mo dúpẹ́ pé o tètè béèrè.

Èrò tèmi kò gùn. Ohunkóhun tí mùsíọ́ọ̀mù bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ìkòkò, ìbáà jẹ́ ìtàn, ìbáà jẹ́ wákàtí méjì nínú ọjọ́ ìyá àgbà kan, nǹkan kan gbọ́dọ̀ padà sí ilé tó ti wá, kó sì tètè padà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

O mọ Èsìẹ́, ní Kwara. Ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó wà níbẹ̀, ará ìlú ti ń ṣe ọdún wọn kí ìjọba tó kọ́lé lé wọn lórí. Àjọṣe ló ṣáájú níbẹ̀, ilé ló tẹ̀ lé e. Tiyín, ilé ni yóò ṣáájú, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi le ju tiwọn lọ. Ti Jọ́ọ̀sì tún yàtọ̀. Ní 1943, orí amọ̀ kan tó jáde níbi tí wọ́n ti ń wa tánńganran ní agbègbè Jẹmá'a ti di ohun tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ nínú oko iṣu, kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, awalẹ̀pìtàn. Ọ̀gbẹ́ni náà kò kàn gbé orí yẹn pa mọ́ kó máa yangàn. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wa kùsà pé kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n bá rí hàn án, báyìí ni àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Nok ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú kòtò àti oko àwọn èèyàn. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù Jọ́ọ̀sì fi máa ṣí ní 1952, ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣẹ́ gan-an.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tọrọ ohunkóhun. Níbí, mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ni yóò mú èèyàn dé ọ̀dọ̀ olórí ìlú, obì gbàǹja, tí wọ́n ń pè ní goro, ni wọ́n sì fi ń wọlé. Ẹ fi kámẹ́rà àti fọ́ọ̀mù sílẹ̀ sílé. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba ní Abuja: láti 1976 tí ìjọba ti ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún olú-ìlú, ọ̀pọ̀ àwọn Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ ibí, ni wọ́n ti kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú Hilux pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, awọnlẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí, kò sí ìtàn tí yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ NAPEP ni kéèyàn wọ̀ lọ. Àṣìṣe kan sì wà tí àwa Yorùbá ń ṣe níbí: ká jókòó síwájú àgbà Gbagyi ká máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láàárín ara wa. Wọn ò ní bínú lójú ẹni, ṣùgbọ́n ìtàn tó yẹ kó gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọn yóò fi ká a nílẹ̀. Ní ìlú tiyín, ẹ wo ẹni tó jẹ́ àlejò sí èdè àdúgbò láàárín yín, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún un.

Rìsíìtì ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: bàbá kú, ọmọkùnrin kan gbé àpótí ìjókòó bàbá wá sí mùsíọ́ọ̀mù, ó ní “ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀.” Òṣìṣẹ́ rò pé ẹ̀bùn ni, ọmọ rò pé ìfipamọ́ ni, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ò sì gbọ́ sí i rárá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìdílé wá bèèrè ohun ìní wọn, kò sí ìwé, ọlọ́pàá sì dá sí i. Ohun ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan láti fi tọrẹ. Nítorí náà, ẹ ra ìwé rìsíìtì oníkábọ̀n, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìdílé, kí èkejì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ orúkọ olórí ẹbí sí i pẹ̀lú ti ẹni tó gbé e wá. Ẹ kọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí àyálò. Tó bá jẹ́ àyálò, ẹ má kọ “títí láé”. Ọdún kan tàbí méjì tó, kí ẹ máa tún un ṣe. Ẹ kọ ipò tó wà: “ó sán lẹ́sẹ̀ òsì, ọ̀já kan ti já.” Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ìdílé lè gbé e lọ ṣe ọdún tàbí ìsìnkú tí wọ́n bá ti sọ fún yín ní ọjọ́ méje ṣáájú. Ìlà kan yẹn máa ń jẹ́ kí àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó tẹ̀ka. Kí ẹnì kan nínú ẹbí ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ sókè lédè wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá gbé ohun àtijọ́ wá tí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti wá, ẹ má rà á. Òfin wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè yìí ló sì yẹ kí ẹ kọ̀wé sí. Mùsíọ́ọ̀mù tó bá di oníbàárà olè, àdúgbò á gbọ́.

Lẹ́yìn rìsíìtì, nọ́ńbà. O lè rò pé iṣẹ́ inú ilé nìyẹn, pé kò kan ará ìlú. Ó kàn wọ́n dáadáa. Mú ìkòkò omi Gbagyi kan, irú èyí tí Ladi Kwali, tó kú ní 1984 tí àwòrán ìyá amọ̀kòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà, fi sọ orúkọ ìlú Kwali di ohun tí ayé mọ̀: alángbá, àkekèé, ejò, gbogbo wọn ni wọ́n fín yí i ká. Ọmọ-ọmọ ẹni tó ni ín yóò wá lọ́jọ́ kan, á ní òun fẹ́ rí ìkòkò ìyá òun. Bí ẹ bá wá a fún wákàtí kan tí ẹ ò rí i, ó tán. Ẹ kọ ọ́ báyìí, 2025.4.1: ọdún, ẹni kẹrin tó mú nǹkan wá lọ́dún náà, ohun àkọ́kọ́ nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ibi kékeré kan nítòsí ìdí ìkòkò, kì í ṣe ibi tó fi jókòó torí nọ́ńbà á pa rẹ́, kì í sì í ṣe orí ọnà tí wọ́n fín. Ẹ kun Paraloid B-72, oje aláwọ̀ omi tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń lò, tí wọ́n fi acetone yọ́, sí i lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ. Ẹ fi yíǹkì dúdú kọ nọ́ńbà náà wẹ́wẹ́ lé e lórí, kó gbẹ. Ẹ tún kun ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ máa ń fi fáníìṣì èékánná dípò rẹ̀ torí ó wà lọ́jà. Á pọ́n, á bó, á sì bó tòun ti nọ́ńbà. Bí Paraloid kò bá sí, ẹ so páálí kékeré mọ́ ọrùn ìkòkò pẹ̀lú òwú, ó sàn jù. Ní ti aṣọ, ẹ kọ nọ́ńbà sára téèpù òwú kí ẹ rán an mọ́ ìṣẹ́tí.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́: kí ẹnikẹ́ni má fọ ìkòkò náà. Èéfín tó wà lára rẹ̀ ni ìdílé fi mọ̀ ọ́n.

Fọ́tò wá ńkọ́? Méjì ni kí ẹ máa tẹ̀: ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún ilé tí ẹ ti yà á, kó sì dé ọ̀hún kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi pẹ́ńsùlù 2B kọ orúkọ sẹ́yìn, bírò máa ń hàn wá síwájú. Tí ẹ bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà, ẹ gbé e sórí mẹ́mọ́rì káàdì fún wọn, kí ẹ sì béèrè èyí tí kì í ṣe fún gbogbo etí. Àwọn nǹkan wà tí obìnrin kì í rí, àwọn mìíràn sì wà tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sára páálí wọn gbàgede, kí òṣìṣẹ́ tuntun má baà fi wọ́n ṣe ìfihàn.

Àjọṣe tó wà lórí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ipò míì ni yóò kú. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ta ni wọ́n, kí ni wọ́n fún yín, ìgbà wo lẹ lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí òpó kan, ìyẹn ìlà òòró, wà níbẹ̀ fún ìlérí. Gbogbo “a ó padà wá,” gbogbo “a ó bá yín wá a,” kó wọ òpó yẹn, kí ẹ sì máa ka òpó náà sókè ní gbogbo ìpàdé òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá ní owó ohun kan ṣoṣo, ìwé yìí ni kí ẹ rà.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò: èèyàn méje tó. Kó má jẹ́ àwọn olóyè nìkan. Ẹ fi amọ̀kòkò obìnrin méjì sí i, tíṣà kan, ọ̀dọ́ kan, aṣojú olórí ìlú, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń pa ìgbìmọ̀ ni kí ẹ máa pè wọ́n wá gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ti pinnu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pinnu nǹkan kan tó ṣe pàtàkì: wákàtí tí ẹ ó máa ṣí, tàbí ohun tí ẹ ó kọ sára ògiri. Owó ọkọ̀ wọn kó dọ́gba, kó sì jẹ́ lọ́wọ́ sí ọwọ́. Èyí tó bá gba ọwọ́ ẹnì kan kọjá, ọ̀rọ̀ ló ń dà.

Ọ̀rọ̀ ara ògiri ọ̀hún, bí àádọ́ta ọ̀rọ̀ fún ohun kan ti tó. Níbí, Gbagyi, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ. Àgbà méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó ka ti Gbagyi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí Gbagyi àti Gbari kì í ṣe ọ̀kan náà. “Gwari” tí àwọn Haúsá ń pè wọ́n kì í dùn mọ́ ọ̀pọ̀ wọn nínú.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà àdúgbò ṣiṣẹ́. Ọ̀sán Jímọ̀ kò sẹ́ni tó ń bọ̀, àárọ̀ Sunday bẹ́ẹ̀ náà, ìgbà òjò tí oko ń pe èèyàn, àwọn ọmọdé nìkan lẹ ó rí. Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ ṣí pẹ́, torí àwọn abúlé ń wọlé lọ́jọ́ náà. Fún ọmọ ilé-ìwé, yàrá kékeré kì í gbà ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́ta bá dé, ẹ pín wọn sí mẹ́rin, kí ọ̀wọ́ kan wà nínú, kí àwọn tó kù wà níta pẹ̀lú àpótí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Ọjà ni kí ẹ ti ra ohun inú àpótí yẹn, kó má jẹ́ èyí tó ní nọ́ńbà.

Ẹ̀bùn tó wọlé sí ọkàn àwọn ará ìlú jù, tí kì í náni lówó púpọ̀, ni kí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ohun tó wà nílé tiwọn. Ọjọ́ kan lóṣù mẹ́ta ti tó. Aṣọ òkè ìyá ìyàwó tí kòkòrò ti ń jẹ: ẹ wé e sínú ọ̀rá nípọn, ẹ fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kó wọ fírísà tó tutù tó ìwọ̀n -20 Celsius fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jáde, kí ọ̀rá má ṣí títí di ọjọ́ kejì, kí ìrì tó máa gbá jọ má baà rin aṣọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ní Nàìjíríà ni iná: bí NEPA bá mú un lọ tí yìnyín yọ́, òǹkà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fírísà tó wà lórí jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ bá oníwàrà tútù kan ṣàdéhùn. Kí wọ́n má sá aṣọ náà sóòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Aṣọ àti ìwé tó bá wà lára ògiri mùsíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n ń fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fi ìwọ̀n yàrá náà ránṣẹ́ sí mi, àti ìhà tí fèrèsé rẹ̀ kọ ojú sí. Bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn, ẹ ti kọ́tìnì nípọn bọ ètò owó yín báyìí. Kí màmá fún mi, sọ fún wọn pé mo gba ẹ̀wà náà.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́