Kí Ló Dà Sínú Síńkì?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe asipirín ní láàbù, tó sì rí ìdá 85 nínú 100 ohun tó yẹ kó rí, máàkì rẹ̀ ti pé nìyẹn. Ta ló ń bi í léèrè ohun tó dà nù?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kẹ́míkà méjì ló ń pàdé di asipirín. Ìwúwo móólù (gíráàmù tí móólù kan, òṣùwọ̀n iye kẹ́míkà, wọ̀n) ti salicylic acid jẹ́ 138, ti acetic anhydride jẹ́ 102. Àpapọ̀ wọn 240. Asipirín gba 180 níbẹ̀, 60 yòókù di acetic acid, èyí tó ń mú kí fíńígà kan. 180 nínú 240 jẹ́ ìdá 75. Ohun tí Barry Trost, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, pè ní atom economy lọ́dún 1991 nìyẹn: ìdá ohun tó wọlé tó di ohun tí à ń wá. Bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ yọrí láìku nǹkan kan, ìdá 25 ti bọ́ sọ́wọ́ ìdọ̀tí.

Ti láàbù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 2 salicylic acid ni wọ́n sábà ń wọ̀n, pẹ̀lú mìlílítà 5 acetic anhydride àti ẹ̀kán sulphuric acid díẹ̀. Mìlílítà 5 yẹn wọn gíráàmù 5.4, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 1.5 ti tó. Wọ́n ń bù ú lé kí salicylic acid lè tán pátá, a ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń dà sí i níkẹyìn ló ń sọ àṣẹ́kù di acetic acid, òórùn fíńígà á sì gba gbogbo yàrá. Gíráàmù 7.4 wọlé, asipirín ò lè ju 2.6 lọ. Atom economy kì í ka àbùlé yìí, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gbígbàgbé nọ́ńbà iwájú kẹ́míkà, èyí tó ń sọ iye móólù rẹ̀ tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ẹ wo ọṣẹ àdín: trilaurin kan, ọ̀rá inú àdín (ìwúwo 639), ń jẹ sódà mẹ́ta (120), ọṣẹ mẹ́ta (667) àti gílísírínì kan (92) ló ń jáde. Ìdá 88 ni. Ẹni tó bá ka ọṣẹ kan ṣoṣo á kọ ìdá 29, á sì máa bú ọṣẹ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ ò tilẹ̀ yọ gílísírínì kúrò. Inú ọṣẹ ló ń gbé, ara ló sì ń ṣe lóore.

Àwọn tó ń ṣe ibuprofen, oògùn ìrora, ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀nà àtijọ́ ní ìpele 6, atom economy rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní ìpele 3, ìdá 77.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ láàbù ní Èkìtì ni pé kí wọ́n fi ìlà kan kún ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́: gíráàmù mélòó ló dà nù, ibo ló sì dà á sí? Kí máàkì wà fún un.

Àwa olùkọ́ kẹ́mísírì,
Adó-Èkìtì