Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ajá Darandaran Lẹ Tà fún Mi

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Atajá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ra akọ ọmọ ajá kan lọ́wọ́ yín ní oṣù Kejì, èyí tí mo sọ ní Tanímọ̀la. Risíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ajá náà kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wí.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù yín ní oríṣi méjì wà ńlẹ̀: “Alsatian” ₦250,000, “German Shepherd” ₦330,000. Ó ní ti Jámánì ni ojúlówó. Mo sì fi ₦80,000 lé owó. Àṣé ajá kan náà ni! Ọdún 1899 ni Max von Stephanitz, tó ti ṣe sójà ẹlẹ́ṣin rí ní Jámánì, ra ajá tó sọ ní Horand, tó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí irú rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì sétí sọ ọ́ di Alsatian. Ó di 1977 kí ẹgbẹ́ alájàá wọn tó dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un. Orúkọ lásán lẹ tà fún mi ní ₦80,000.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ọmọkùnrin yín tún ní: “Mummy, ẹ ṣáà máa so ó mọ́lẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ tú u lálẹ́.” Mo so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jẹ ìrù ara rẹ̀ degbò. Dókítà ẹran bi mí pé ṣé mo mọ iṣẹ́ ìran ajá yìí. Mo ní iṣẹ́ ọdẹ ilé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àgùntàn ni wọ́n ń dà ní Jámánì: oko tí kò ní ọgbà, ajá ló ń rìn lọ rìn bọ̀ létí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí àgùntàn má baà jẹ irè olóko. Ajá fúnra rẹ̀ ni ọgbà. Òun lẹ ní kí n fi ṣéènì dè!

Mo tú u sílẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ fi là yí fẹ́ǹsì mi ká, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a gbàgbé ti géètì. Nígbà tí mo máa jáde síta, ewúrẹ́ márùn-ún àti àgbò Iléyá tó jẹ́ ti obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló fún mọ́ra wọn ní kọ̀rọ̀ ìdí táǹkì omi. Tanímọ̀la dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, etí rẹ̀ nàró ṣánṣán. Kò bu ọ̀kankan jẹ, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan yẹsẹ̀. (Àgbò náà ò tilẹ̀ bìkítà, ẹ̀fọ́ mi ló ń jẹ.) Elẹ́ran dé, ó ní, “Màmá Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi ẹran mi ṣe?” Ọdún 32 ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò mú ṣọ́ọ̀kì ìjọba lọ sílé rí. Àlàyé tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò tíì wọ obìnrin yẹn létí títí dòní.

Ẹ tún ní kí n máa fá irun rẹ̀ nítorí ooru. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò: irun ìpele méjì ló ní, tòde ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Kí n máa fi òòyà ya irun náà ni, kí n sì wá ibòji fún un.

Mi ò dá ajá padà o. Ohun tí mo fẹ́ ni ₦80,000 mi láàárín ọjọ́ 14, àti ìwé àyẹ̀wò eegun ìbàdí bàbá àti ìyá rẹ̀, torí àrùn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ nínú ìran wọn. Ẹ sì pe ọmọkùnrin yẹn, kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní ohun tó ń tà.

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ má pè láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje àárọ̀. Èmi àti Tanímọ̀la ti wà lójú títì nígbà yẹn.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
oníbàárà yín.