Ìwé Ẹ̀sùn: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Abo Ẹṣin Mi Tí Ẹ Kọ̀ Láti Fún Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Ẹranko,

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ lóru tí abo ẹṣin mi bímọ tí ibi ọmọ kò bọ́ wà nínú fáìlì yín, n kò ní tún un rò. Bí ẹ ṣe ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù látìgbà náà ló mú mi kọ̀wé.

Nígbà tí mo sọ fún arábìnrin tó ń gbé fóònù yín pé ó ti lé ní wákàtí 3 tí ọmọ ti jáde tí ibi kò tẹ̀ lé e, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé màálù ẹ̀gbọ́n òun gbé tirẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò sì kú. Mo dúpẹ́ fún ìròyìn màálù náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin ní Ìlọrin mọ̀ pé ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀, pé ilé ọmọ rẹ̀ lè kẹ̀, kí oró rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, kó sì ba pátákò ẹsẹ̀ jẹ́ débi tí ẹṣin kò ní lè dúró mọ́. Ìgbà tí mo ṣàlàyé èyí, ó ní bí mo bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n fọwọ́ fà á jáde, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ni, ibi náà ìbá ya kù sínú, ilé ọmọ gan-an sì lè bá a jáde.

Dókítà yín dé níkẹyìn, ó gún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kó lè ti ibi jáde, ó fi omi fọ inú rẹ̀, ibi sì bọ́. N kò bá a wíjọ́ lórí ìyẹn. Ó ṣèlérí pé òun yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, dókítà wà ní Jẹ́bà, dókítà wà nípàdé, fáìlì wà lọ́dọ̀ akọ̀wé owó, akọ̀wé owó sì ti gba ìsinmi. Ìwé owó tí mo jẹ yín nìkan ni kò sọnù. Ọjọ́ kejì ló ti dé.

Ẹni tó ni akọ ẹṣin kò ní jẹ́ kó gun abo mi láìrí ẹ̀rí pé ilé ọmọ ti mọ́, kò sì jẹ̀bi. Èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ tẹ́ ibi náà sílẹ̀ tí ẹ rí i pé ó pé, pàápàá ṣóńṣó apá tí ọmọ kò sùn sí, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kù sínú. Mo ti jẹ́ kí ìgbà àkọ́kọ́ tó wá akọ lẹ́yìn ìbímọ kọjá, bó ti yẹ. Abo tí a tètè tọ́jú ṣì máa ń lóyún dáadáa, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù 11 ni oyún ẹṣin, ọmọ ọdún tó ń bọ̀ sì ni ẹ fi ń ṣeré.

Kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó kọjá, mo fẹ́ àkọsílẹ̀ tí dókítà fọwọ́ sí, pẹ̀lú oògùn tó lò, ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tó rí lára ibi. Mo fẹ́ àyẹ̀wò tí mo ti sanwó rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí arábìnrin yẹn tọrọ àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé yìí yóò dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ẹranko níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, gbogbo àwọn tí a jọ ń gẹṣin ní Durbar Ìlọrin yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Èmi ni oníbàárà yín, títí di ọjọ́ Ẹtì ná.